Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Àwọn Orúkọ Inú Òwò Kírípítò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá pe ènìyàn ní Babátúndé, ẹni tí ó gbọ́ èdè mọ̀ pé bàbá àgbà kan ti papò dà nínú ìdílé náà kí a tó bí ọmọ yìí. Bí a bá pe òmíràn ní Abíọ́nà, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ibi tí ìyá rẹ̀ wà nígbà tí ìrọbí mú un. Orúkọ láàrin Yorùbá kì í ṣe àmì lásán. Ẹ̀rí ni ó ń jẹ́ nípa ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n òwò kan ti wọ àárín àwùjọ lónìí tí orúkọ inú rẹ̀ kò jẹ́rìí kankan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òwò náà ni òwò kírípítò. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè tí ó ti jẹ́ ìlú yunifásítì láti ọdún 1982, àti ní Ibiadé àti àwọn ìlú etí ọ̀sà tí ó yí i ká, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa wọ́lẹ́ẹ̀tì, máínìn àti blockchain bí ẹni ń ka ááyán ilé. Bí a bá ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá wọn nílé, ọ̀rọ̀ a di wòmíǹwò-ọ. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro ni pé owó ń bẹ nínú rẹ̀: owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́, owó tí ìyá fi ọdún mẹ́ta dá ní àjọ. Ẹni tí ó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ohun tí kò mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ti di ojú rajà. Ìjíròrò yìí kò wá láti polówó òwò náà, kò sì wá láti fòfin dè é. Ó wá láti gbé àwọn orúkọ náà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a wo ilé tí wọ́n ti wá.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ owó tuntun, ó yẹ kí a rántí owó àtijọ́. Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá Yorùbá ná. Ogójì ẹyọ ni ó wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ó di ẹgbàá, èyí tíí ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì di ọ̀kẹ́ kan, èyí tíí ṣe 20,000. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí ó wà láàrin ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè, mọ ìṣirò yìí dunjú, nítorí ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ ọjà ń gbà kọjá. Kò sí ọba tí ó tẹ owó ẹyọ. Inú òkun ni a ti kó o, láti erékùṣù Maldives. Ohun méjì ni ó fún un ní iyì: èkíní, kò rọrùn láti rí, èkejì, gbogbo ará ọjà gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó irú ẹyọ mìíràn wá láti etí òkun Zanzibar ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ẹyọ pọ̀ jù lójà, iyì rẹ̀ sì wálẹ̀. Ẹni tí ó ti kó ọ̀kẹ́ jọ sí ìyẹ̀wù jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé iye ẹyọ náà kò dín, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà ti dín.

Ìṣòro yìí gan-an, èyí tí ó lè bá owó ìwé pẹ̀lú bí ìjọba bá tẹ̀ ẹ́ lápọ̀jù, wà lára ohun tí ẹni tí ó dá Bitcoin sílẹ̀ fẹ́ yanjú. Satoshi Nakamoto ni ó pe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìbòjú ni. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 2008, ó gbé ìwé kékeré kan jáde tí ó ṣàlàyé bí ènìyàn méjì ṣe lè san owó fún ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí báǹkì láàrin wọn. Ní ọjọ́ 3, oṣù kìíní, ọdún 2009, owó náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé kò ní ju mílíọ̀nù 21 lọ láéláé. Nítorí pé ẹyọ kan lè wọ́n ju agbára ènìyàn lọ, a lè fọ́ ọ sí ọ̀nà mílíọ̀nù 100, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹ̀fọ́ wọ̀nyí ni a sì ń pè ní satoshi. Ẹni tí ó ní owó díẹ̀ lè ra ẹ̀fọ́. Kò pọn dandan kí ó ra odidi.

Níbo wá ni orúkọ náà, kírípítò, ti wá? Inú èdè Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí a fi pamọ́. Yorùbá mọ ìmọ̀ yìí tipẹ́. Nígbà tí ọba bá fi àrokò ránṣẹ́ sí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀, ìránṣẹ́ lè gbé e láti ìlú dé ìlú láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a rán an sí nìkan ni yóò tú u. Ìmọ̀ ìṣirò tí ó jọ àrokò yìí ni a fi ṣe ọwọ̀n owó náà. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí i: ìwé ìṣirò Bitcoin kò farasin rárá. Gbangba ni ó wà. Ohun tí ó farasin ni kọ́kọ́rọ́ olówó. Orúkọ náà sọ ìdajì òótọ́, ó sì fi ìdajì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì, òun náà ni ó sì le jù, ni blockchain. Kí a mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọjà Ibiadé. Kí a gbà pé ogún obìnrin, àwọn oníṣòwò gàrí, epo àti ẹja gbígbẹ, ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ kan. Ní òwúrọ̀, alájọ yóò gba owó, yóò fi àmì sí káàdì olówó, yóò sì fi òmíràn sí inú ìwé ti ara rẹ̀. Ní òpin oṣù, yóò yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún olówó. Ètò yìí dára níwọ̀n ìgbà tí alájọ bá jẹ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo ìṣirò náà wà, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni ìwé náà sì wà. Bí iná bá jó o, tàbí bí alájọ bá pa ìlà kan rẹ́, ariwo dé nìyẹn.

Wàyí o, kí a gbà pé àwọn obìnrin náà yí ètò padà. Wọ́n ní kò sí alájọ mọ́. Kí olúkúlùkù ra ìwé tirẹ̀. Bí ìyá kan bá fẹ́ fún èkejì ní ₦5,000, yóò kéde rẹ̀ sétí gbogbo ọjà, ogún obìnrin yóò sì kọ ọ́ sínú ogún ìwé. Bí ojú ewé kan bá kún, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò ṣírò nọ́ḿbà kan láti inú gbogbo ohun tí a kọ síbẹ̀, wọn yóò fi nọ́ḿbà yẹn ṣe òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, wọn yóò sì tún kọ ọ́ sí òkè ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e. Bí ẹnìkan bá yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà ní ojú ewé kẹta, òǹtẹ̀ rẹ̀ kò ní bá èyí tí ó wà lókè ojú ewé kẹrin mu mọ́. Bí ó bá tilẹ̀ yí gbogbo ìwé tirẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé mọ́kàndínlógún ṣì wà tí yóò ta kò ó. Bí blockchain ṣe rí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ni ó dúró ní ipò àwọn obìnrin ọjà, wọ́n sì wà káàkiri àgbáyé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Kí ni a ó wá pè é ní Yorùbá? Bí a bá ní búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì àti ilé kíkọ́ ni yóò sọ sí ènìyàn lọ́kàn. Bí a bá mú ẹ̀wọ̀n wọ̀ ọ́, tí a pè é ní ìwé ẹlẹ́wọ̀n, ẹni tí ó gbọ́ yóò rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìwé náà ti wá. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é ní àkọsílẹ̀ alásopọ̀, ojú ewé tí a so mọ́ ojú ewé ni yóò hàn, orúkọ yóò sì bá ilé mu. Kí a má sì gbàgbé ibi tí agbára ìwé náà mọ. Ó mọ̀ pé owó kúrò lọ́wọ́ ẹni kìíní dé ọwọ́ ẹni kejì. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀tàn ni ó gbé e débẹ̀. Nítorí pé kò ṣeé parẹ́, owó tí a bá ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí ọ̀tá kò ní padà àyàfi bí ọ̀tá bá dá a padà.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni máínìn, tí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ wíwa kùsà. Orúkọ yìí ń ṣini lọ́nà, nítorí kò sí ẹni tí ń gbẹ́ ilẹ̀. Ìdíje àwọn akọ̀wé ni. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, àwọn ẹ̀rọ alágbára káàkiri ayé ń sáré láti rí nọ́ḿbà tí yóò jẹ́ kí òǹtẹ̀ ojú ewé tuntun bá òfin mu. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò ti ojú ewé náà, yóò sì gba owó tuntun gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ní ọdún 2009, ẹ̀bùn náà jẹ́ Bitcoin 50. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń gé e sí méjì: ó di 25 ní ọdún 2012, 12.5 ní ọdún 2016, 6.25 ní ọdún 2020, àti 3.125 ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Iṣẹ́ yìí ń jẹ iná mànàmáná gidigidi. Fóònù inú àpò akẹ́kọ̀ọ́ kò lè díje níbẹ̀. Bọ́tìnnì tí ènìyàn ń tẹ̀ lójoojúmọ́ lórí fóònù rẹ̀ kò lè wa Bitcoin jáde, bí ó ti wù kí ẹni tí ó ṣe é pè é ní máínìn tó.

Kì í ṣe gbogbo owó kírípítò ni ó ń lo ìdíje yìí. Ethereum, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2015, pa á tì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ohun tí ó fi rọ́pò rẹ̀ ni ìdógò: ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ akọ̀wé yóò fi owó tirẹ̀ dógò, bí ó bá kọ irọ́, a ó gé lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń fi oko dógò kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè àlàyé.

Ọ̀rọ̀ kẹrin ni wọ́lẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó túmọ̀ sí àpò owó. Orúkọ yìí náà kò bá ilé mu, nítorí owó kírípítò kì í sí nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì. Inú àkọsílẹ̀ alásopọ̀ ni owó wà. Kọ́kọ́rọ́ ni ó wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì. Kí a ro kóló oní-dígí tí a gbé sí àárín ọjà. Gbogbo ayé ń wo owó inú rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè sọ owó sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè mú owó jáde. Àdírẹ́sì ni ojú ihò tí a ń gbà sọ owó sí kóló. Kò léwu láti fún ẹni tí yóò sanwó. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni ohun tí a kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí pé kọ́kọ́rọ́ náà gùn, tí ó sì ṣòro láti kọ, a máa ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24 tí ẹ̀rọ ṣà láti inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2,048. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní bí ó ṣe tò wọ́n ni ó ni owó. Kò sí ọ̀gá báǹkì tí a lè sá tọ̀ bí wọ́n bá sọnù. Bí olówó bá sì kú láìsọ ibi tí ó kọ wọ́n sí, ogún kò sí fún ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ṣì ń wo owó náà nínú dígí.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe òwò yìí ni kò tilẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ilé pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ti ń rà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì fi owó sí. Ilé pàṣípààrọ̀ ni ọjà tí a ti ń fi náírà tàbí dọ́là ra kírípítò, òun ni ó sì ń di kọ́kọ́rọ́ mú fún gbogbo oníbàárà rẹ̀. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ní ọdún 2014, Mt. Gox tí ó wà ní Tokyo dojú dé, nǹkan bí Bitcoin 850,000 ni ó sì kéde pé ó sọnù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún rí nǹkan bí 200,000 lẹ́yìn náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, FTX, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lágbàáyé, dojú dé bákan náà. Kò sí ohun tí ó ṣe àkọsílẹ̀ alásopọ̀ ní ìgbà méjèèjì. Ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú ni ó ṣubú.

Ní Nàìjíríà, òwò náà tún ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 2021, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì àwọn tí ń ṣe kírípítò. Òwò kò kú. Ó gba ọ̀nà mìíràn ni. Ẹnìkan ń ra lọ́wọ́ ẹnìkejì ní tààrà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní P2P. Nínú ètò yìí, pẹpẹ òwò yóò ti kírípítò olùtà mọ́lé títí olùrà yóò fi san náírà. Bí olùtà bá jẹ́wọ́ pé owó ti wọlé, a ó tú u sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ń ba sí pẹ̀lú àlááàtì èké. Olùtà tí ó gbọ́n kì í gbára lé iṣẹ́ tí ó wọ fóònù. Inú àkáǹtì rẹ̀ gan-an ni ó ń wò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ yí àṣẹ náà padà, ó sì là á sílẹ̀ bí àwọn báǹkì yóò ṣe máa bá àwọn iléeṣẹ́ kírípítò lò. Ní ọdún 2025, òfin tuntun lórí ìdókòwò ka kírípítò mọ́ ohun tí SEC, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọjà ìpín-ìdókòwò, ní àṣẹ lé lórí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iye. Àwọn olówó òyìnbó máa ń ní ọjà akọ màlúù bí iye bá ń gòkè, àti ọjà béárì bí ó bá ń wálẹ̀. Béárì jẹ́ ẹranko tí kò sí nínú igbó Ìjẹ̀bú. Kò sí ìdí tí olùkọ́ yóò fi dààmú akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọjà ń gòkè, ọjà ń wálẹ̀: ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ni bí ó ṣe ń yára tó. Bitcoin kan tó nǹkan bí dọ́là 69,000 ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ọdún kan lẹ́yìn náà, kò tó 17,000. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ó kọjá 100,000. Ìṣirò rẹ̀ kò sì rí bí ojú ṣe ń wò ó. Bí ₦100,000 bá fi ìdajì wálẹ̀, ó di ₦50,000. Kí ó tó padà sí ibi tí ó wà, àfi kí ó di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó bá sì yá owó fi kún tirẹ̀, tí ó fi ₦10,000 ṣe òwò ₦100,000, ọjà kàn ní láti wálẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo owó tirẹ̀ ti lọ nìyẹn. Pẹpẹ òwò kò ní dúró kí ọjà tún gòkè. Yóò ta á kí owó tirẹ̀ má baà bá a lọ.

Nítorí ìyípadà yìí ni a ṣe dá irú kírípítò tí a so mọ́ dọ́là sílẹ̀, bí USDT tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Èrò rẹ̀ ni pé ẹyọ kan yóò máa jẹ́ dọ́là kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àgbà ni pé, kí ni a fi so ó? Irú tí iléeṣẹ́ rẹ̀ fi dúkìá gidi tì lẹ́yìn yàtọ̀ sí irú tí a fi ìlànà kọ̀ǹpútà lásán so. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, okùn owó kan tí ń jẹ́ TerraUSD já, owó tí àwọn ènìyàn kà sí dọ́là kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo láàrin ọjọ́ díẹ̀.

Èyí tí ó burú jù kì í ṣe òwò kírípítò rárá. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó yá wọ̀. Ní ọdún 2016, MMM ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX tẹ̀ lé e. Ìlọ́po méjì láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ ni ó ṣèlérí, ó sì ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ni ó ń bá òun ṣòwò kírípítò. Nígbà tí owó kò jáde mọ́, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n kó àga àti tábìlì. Kò sí àga tí ó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ padà. Ọgbọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: owó ẹni tí ó wọlé lónìí ni a fi ń san èrè ẹni tí ó wọlé lánàá. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹni tuntun mọ́, ilé wó.

Bí a bá wá kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jọ, ìbéèrè mẹ́ta ni ó kù, kò sì sí èyí tí ó ṣàjèjì sí ìyá oníṣòwò ní Ibiadé. Ta ni ó ń kọ ìwé? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Níbo ni èrè ti ń wá? Ìbéèrè tí ó ń bi alájọ kí ó tó fi owó sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Òwò tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbangba, ènìyàn lè rò ó wò, kí ó sì fi kìkì owó tí òfò rẹ̀ kò ní pa ilé rẹ̀ run wọ̀ ọ́. Èyí tí ó bá fi orúkọ ńlá dáhùn, tí kò fi ìtumọ̀ tì í lẹ́yìn, ó yẹ kí a yẹra fún un.

Iṣẹ́ wá kù sí ọwọ́ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní ọdún 1984, nígbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, àwọn onímọ̀ fi hàn pé Yorùbá lè fi èdè rẹ̀ kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Ohun tí ó ṣeé ṣe fún ẹ̀kọ́ gírámà ṣeé ṣe fún ẹ̀kọ́ owó pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé àkọsílẹ̀ alásopọ̀ fún ìyá rẹ̀, tí ìyá sì lè bi í léèrè tí ó já gaara, ilé méjì ni ó gbà là. Ọ̀kan ni ilé ìyá. Èkejì ni ilé ti ara rẹ̀, nítorí ibi tí àlàyé bá ti wó lẹ́nu rẹ̀ ni yóò ti mọ ohun tí òun gan-an kò tíì mọ̀.